Ẹ̀kọ́ Okòwò Wo Ló Ń Sọ Èèyàn Di Oníṣòwò? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Sanwó

Ẹni tó bá fẹ́ sanwó ẹ̀kọ́ ìdásílẹ̀ òwò, ì báà jẹ́ fún ara rẹ̀, fún ọmọ rẹ̀ tàbí fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí iye ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ti pín tan òun jẹ. Ohun tó yẹ kó béèrè ni pé, lẹ́yìn ọdún 2 tàbí 3, mélòó nínú àwọn tó kọ́ ọ ló ṣì ń ṣí ìsọ̀, àti pé kí ni wọ́n fi sàn ju àwọn tí kò kọ́ ọ lọ.

Ní ìlú Lomé, olú-ìlú Togo, àwọn olùwádìí pín 1,500 oníṣòwò kéékèèké sí ọ̀nà 3, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Wọ́n kọ́ apá kan ní ìṣirò owó àti ìpolówó ọjà, bí a ti ń ṣe é látilẹ̀wá. Apá kejì ni wọ́n kọ́ ní ìdánúṣe: kí èèyàn wá ọjà tuntun kí oníbàárà tó béèrè, kó má máa ta ohun tí gbogbo àdúgbò ń tà, kó sì dìde padà bí ọjà bá kùtà. Apá kẹta kò kọ́ nǹkan kan. Èrè àwọn tó kọ́ ìdánúṣe fi ìdá 30 nínú 100 ju ti apá kẹta lọ. Ti ẹ̀kọ́ àtijọ́ jẹ́ ìdá 11 péré, tí kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe èèṣì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé gbogbo wọn ló ti ní òwò lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀.

Ètò YouWiN! tí ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2011 yàtọ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ 4 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ni 1,200 èèyàn gba owó tó tó nǹkan bíi $50,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún 3, nínú gbogbo 100 àwọn tó fẹ́ dá òwò tuntun sílẹ̀, àwọn tó gbowó tó sì ní òwò lọ́wọ́ fi nǹkan bí ẹni 37 ju àwọn tí kò gbowó tó ní òwò lọ́wọ́ lọ. Ọ̀wọ́ méjèèjì ni wọ́n pè síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Owó ló ṣe ìyàtọ̀. Tony Elumelu Foundation, àjọ tí oníṣòwò ńlá Tony Elumelu dá sílẹ̀, náà ń pa ẹ̀kọ́ àti $5,000 pọ̀ láti 2015.

Lójú tèmi, ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, tí kò sì ní owó ìdókòwò, kí ó wá ètò tó ní owó nínú. Ẹni tó ti ní ìsọ̀, ẹ̀kọ́ ìdánúṣe ni kó ná owó sí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba orúkọ àwọn tó parí ní ọdún 2 sẹ́yìn, kí ẹ lọ bá wọn láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aránṣọ, ẹ wò ó bóyá eruku ti bo ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ ka ọmọṣẹ́ rẹ̀, ẹ sì ní kó fi ìwé ìṣirò oṣù tó kọjá hàn yín. Bó bá jẹ́ orúkọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nìkan ni wọ́n fún yín, ẹ fi owó yín sápò.