Táírọ́ọ̀dù 555 tí mo rà ní Takíé: owó ẹ̀ ga, àmọ́ ó jẹ́ iye tí wọ́n pè é

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun Camry Pencil Light àbí Corolla àtijọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tó bá jẹ́ pé iwájú mọ́tò yín ti ń ró gbògbògbò tẹ́ ẹ bá ti já sí kòtò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó lọ ra táírọ́ọ̀dù (tie rod end) olówó pọ́ọ́kú. Mo ra 555 ti Japan ní ṣọ́ọ̀bù kan lápá Takíé, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la fọwọ́ ara wa pààrọ̀ ẹ̀ nínú ọgbà ilé, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé páàtì yẹn dáa gan-an ni. Ṣọ́ọ̀bù yẹn náà dáa, àmọ́ ó ní ohun tí mo fẹ́ bá wọn sọ, màá débẹ̀.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, táírọ́ọ̀dù ni irin tó so ráàkì sítíárìn (irin gbọọrọ tí sítíárìn ń tì sọ́tùn-ún sósì) mọ́ ẹsẹ̀ táyà iwájú. Orí ẹ̀ ní bọ́ọ̀lù irin kékeré kan tó ń yí nínú ilé ẹ̀, gíríìsì wà níbẹ̀, rọ́bà dúdú ló sì bò ó lórí. Ọjọ́ tí rọ́bà yẹn bá ti ya, wàhálà dé nìyẹn o, omi òjò á wọlé, iyanrìn á wọlé, gíríìsì á ṣàn dànù, irin á wá máa ha irin títí bọ́ọ̀lù yẹn á fi máa jó nínú ilé ara ẹ̀. Ẹ sì mọ bí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe máa ń ṣe iwájú mọ́tò. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé tí bọ́ọ̀lù yẹn bá lọ já yọ lórí ìrìn, táyà ọ̀hún á kàn kọjú síbi tó wù ú ni, sítíárìn tó wà lọ́wọ́ yín ò ní lè ṣe nǹkan kan sí i. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè máa wo owó tí mo máa ṣẹ́kù lórí irú nǹkan báyìí.

Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó fún mi ní ráàkì ló ti kú, pé kí n lọ wá ráàkì tòkunbọ̀. Ọkàn mi ò gbà á. A gbé iwájú mọ́tò sókè nílé, mo fọwọ́ méjèèjì di táyà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, ibi tí aago mẹ́ta àti aago mẹ́sàn-án máa ń wà, mo mì í síwá sẹ́yìn, àbúrò mi wá fọwọ́ lé orí táírọ́ọ̀dù náà lábẹ́, ló bá ní ó ń ta òun lọ́wọ́ ko ko ko. Rọ́bà ẹ̀ ti fàya, táyà náà ti jẹ lápá inú. Tó bá jẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ dì mú tó wá ń mì, ẹ lọ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ apá irin abẹ́ mọ́tò) àti bẹ́árìn (ohun tó ń jẹ́ kí táyà yí geere), ìyẹn yàtọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mẹ́ta ni ọ̀gá tó ń tajà gbé kalẹ̀: Belgium tí wọ́n tú lára mọ́tò míì, ti China kan tí ò ní orúkọ gidi, àti 555. Ó ní, "Aúntí, ẹ fọwọ́ yí wọn wò ná, kẹ́ ẹ tó bèèrè owó." Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ibẹ̀. Ti Belgium ń yí wọ́lọ́wọ́lọ́, bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ, kí lèèyàn fẹ́ fi ìyẹn ṣe, ṣé ohun tí ọ̀nà ìlú ẹlòmíì ti jẹ tán ni kí n tún gbé wálé ni? Ti China le díẹ̀ àmọ́ rọ́bà ẹ̀ gan bíi ti sálúbàtà. Ti 555 gba agbára kó tó yí, ó ń lọ geere, kò sì ta rárá, bó ṣe yẹ kí tuntun rí nìyẹn. Rọ́bà ẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́, ojú ìlà nọ́ọ̀tì ẹ̀ mọ́ dáadáa, nọ́ọ̀tì àti píìnì ẹ̀ (irin tín-ínrín tí wọ́n ń kì bọ nọ́ọ̀tì kó má bàa tú) sì wà nínú páálí. ₦14,000 ni mo ra ẹyọ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti China yẹn. Ilé iṣẹ́ Sankei ní Japan ló ń ṣe 555, àmọ́ ayédèrú ẹ̀ pọ̀ lọ́jà, torí náà páálí nìkan ò tó o, ẹ wo nọ́ńbà 555 lára irin gangan, ẹ sì fọwọ́ yí i.

Ó yá, ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ ẹ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, sípánà 21 ló ń wọ̀ ọ́ lára Toyota, ẹ fa hánbúréèkì, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Ẹ gbé e sókè, kẹ́ ẹ sì fi sítáǹdì gidi gbé e dúró, jáàkì nìkan ò ṣeé fọkàn tán, ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù gbé mọ́tò dúró láéláé torí ó máa ń fọ́ lójijì tí ò ní ké sí ẹnikẹ́ni. Ti wa ti dógùn-ún gan-an, WD-40 la fọ́n sí i lálẹ́ tó fi di àárọ̀. Kí n tó tú u, mo fi kútẹ́ẹ̀sì tí mo fi ń kun èékánná sàmì síbi tí nọ́ọ̀tì tó dì í mú wà lójú ìlà, àbúrò mi sì ń ka iye ìgbà tó ń yí bó ṣe ń jáde, torí iye yẹn náà lẹ máa fi yí tuntun wọlé, kí táyà má bàa lọ kọ̀ọ́rọ́. Ibi tó máa ń dá èèyàn lágara ni yíyọ bọ́ọ̀lù ẹ̀ kúrò nínú ihò ẹsẹ̀ táyà. Ẹ má lu orí bóòtù ẹ̀, ìyẹn irin onílà tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀, o! Ẹ̀gbẹ́ irin tí ihò yẹn wà lára ẹ̀ lẹ máa fi hámà gbá, gbígbá gidi, ó máa já bọ́ fúnra ẹ̀.

Ìwé Toyota ní 49 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó) ni kí wọ́n fún nọ́ọ̀tì orí ẹ̀ le dé lára Camry wa yìí, nọ́ọ̀tì táyà 103 Nm, a yá tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì, sípánà tó ń wọn ìyẹn, lọ́wọ́ aládùúgbò wa. Tí ihò píìnì ò bá ṣe déédéé lẹ́yìn tẹ́ ẹ fún un tán, ẹ fún un sí i díẹ̀, ẹ má tú u sẹ́yìn. Píìnì tuntun sì ni o, wọn kì í dá àtijọ́ padà. Mo ti rí mọ́tò tí wọ́n fi wáyà so ó, mo sì fara balẹ̀ bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀ gan-an lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ẹ̀, a rọra wà á lọ ṣe aláìnmẹ́ǹtì (títò táyà kí wọ́n lè kọjú síwájú déédéé) lápá LAUTECH. Ẹ má fo ìyẹn torí pé mọ́tò ń rìn tààrà lójú yín, kíkà tá a kà á kàn jẹ́ ká lè wà á débẹ̀ ni, tí táyà bá ṣì kọjú síra wọn tàbí tí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn díẹ̀ báyìí, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa jẹ tán. Láti ìgbà náà sítíárìn ò fà mọ́, ariwo yẹn ti lọ, mo ti gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, mo sì gbé e bọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bá ṣọ́ọ̀bù yẹn sọ: ẹ máa kọ rìsíìtì fún èèyàn, kì í ṣe ká kàn fọwọ́ kọ ọ́ sẹ́yìn páálí. Apá ọ̀tún nìkan náà ni wọ́n ní nílẹ̀. Nínú márùn-ún, 555 gba márùn-ún, ṣọ́ọ̀bù gba mẹ́rin. Wọ́n ní tòsì ń bọ̀ láti Gate n'Ìbàdàn, mo ti san àsansílẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé tó bá dé, màá fọwọ́ yí òun náà wò kí n tó san ìyókù.