Michelin X-Ice Snow 205/55R16 lórí Toyota GR86: Táyà Ìgbà Òtútù àti Rímù Tó Bá A Mu

Ẹni tó bá fẹ́ ra Toyota GR86, mọ́tò eré kékeré, ní àwọn ìlú olótùútù bíi Chicago, Minneapolis tàbí Calgary á gbọ́ ọ títí pé mọ́tò tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ló ń tì í kò ṣeé wà nínú yìnyín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́tò náà ṣeé wà dáadáa; táyà tó bá a jáde nílé iṣẹ́ ni kò ṣeé lò. Michelin Pilot Sport 4 215/40R18 tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀dà Premium, táyà ìgbà ooru ni. Bí ojú ọjọ́ bá ti rẹlẹ̀ sí nǹkan bíi 7°C, rọ́bà irú táyà bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò sì ní di títì mú mọ́. Bí òtútù bá tún wá le gan-an, rọ́bà náà lè sán téèyàn bá wà á bẹ́ẹ̀. Torí náà, kì í ṣe ọjọ́ tí yìnyín bá jábọ́ nìkan lọ̀rọ̀ wà: títì gbígbẹ láàárọ̀ ọjọ́ tó tutù dé -10°C náà léwu lórí táyà ooru.

Táyà tí mò ń lò, tí mo sì ń gbé yẹ̀wò níbí, ni X-Ice Snow 205/55R16, lórí rímù 16x7 (ínṣì 16, tó fẹ̀ ní ínṣì 7) tí offset rẹ̀, ìyẹn bí ojú tó fi ń fara mọ́ ọkọ̀ ṣe jìnnà sí àárín rímù ní mìlímítà, jẹ́ +48. Ohun tí mo bá sọ kan Subaru BRZ ti 2022 sókè náà, torí ọmọ ìyá kan ni wọ́n.

Ìdí tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ láti rímù ínṣì 18 sí 16 ni màá kọ́kọ́ sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe jàgídíjàgan. Nínú nọ́ńbà bíi 215/40R18, 215 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 40 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, 18 sì ni ínṣì rímù. Táyà 215/40R18 ga ní mìlímítà 629, 215/45R17 ga ní 625, 205/55R16 sì ga ní 632. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 18 àti 16 yìí kò tó ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, aago ìsáré kò sì ní parọ́. Toyota fúnra wọn ń ta ẹ̀dà RC ní Japan pẹ̀lú 205/55R16 lórí rímù irin, nítorí náà a kò hùmọ̀ nǹkan tuntun kankan. Ẹ̀gbẹ́ táyà 18 ga ní mìlímítà 86 péré. Ti 16 yìí tó 113. Nígbà tí oṣù Kẹta bá dé, tí omi dídì bá ti gbẹ́ kòtò sí gbogbo títì, mìlímítà 27 yẹn ló máa gba rímù yín là. Táyà tóóró náà ń la yìnyín kọjá bí ọ̀bẹ tó ń la ẹ̀kọ, ó ń tẹ ìsàlẹ̀ títì. Èyí tó fẹ̀ á gun orí yìnyín lọ. Mọ́tò tí kò wúwo ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 1,300 lọ kò ní ìwúwo tó máa fi tẹ táyà fífẹ̀ wọlẹ̀. Ti owó náà ńkọ́? 205/55R16 wọ́pọ̀ lẹ́sẹ̀ Civic àti Corolla, gbogbo ilé iṣẹ́ táyà ló ń ṣe é, kò sì wọ́n tó 18.

Àwọn kan wà tí 16 kò ní wọ̀ fún o. GR86 tó ní Performance Package ti 2024 sókè, àti BRZ tS, bíréèkì Brembo ló wà níwájú wọn, kálípà rẹ̀ (ohun tó ń fún díìsìkì bíréèkì mú) sì tóbi. 17 ni tiyín, kì í tún ṣe gbogbo rímù 17 ló máa kọjá kálípà yẹn. Ẹ lo 215/45R17 níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rímù wàyí. Bóòtì 5 ni, lórí òbírí tó fẹ̀ ní mìlímítà 100, ìyẹn 5x100. Họ́ọ̀bù, ibi tí wọ́n ń de rímù mọ́ lára ọkọ̀, fẹ̀ ní mìlímítà 56.1, nọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ M12x1.25, onídìí ṣóṣóró. Ẹni tó bá ń wá rímù tòkunbọ̀ á rí 5x100 lóríṣiríṣi, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ti ọ̀pọ̀ Corolla àti ti Prius àtijọ́ jẹ́ 5x100 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò àárín wọn jẹ́ 54.1, kò ní wọ họ́ọ̀bù 56.1 láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Toyota ló wà lára méjèèjì. Subaru ló ń ṣe GR86, ìwọ̀n Subaru ló sì ń lò. Rímù Impreza oní-16 ló máa ń wọ̀ ọ́ láìjanpata. Ẹ má fi ti Subaru WRX STI ti 2005 sókè ṣe é: 5x114.3 nìyẹn. Ti Volkswagen Golf àtijọ́ náà jẹ́ 5x100, ihò rẹ̀ fi díẹ̀ fẹ̀ ju họ́ọ̀bù lọ, àmọ́ ibi tí bóòtì ń jókòó sí lára rẹ̀ rí rìbìtì bí ìdajì bọ́ọ̀lù. Nọ́ọ̀tì ṣóṣóró kò ní jókòó dáadáa níbẹ̀, á máa tú díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Bó bá jẹ́ rímù tuntun tí kì í ṣe ti Subaru, ihò àárín rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 73.1, ẹ óò sì nílò òrùka 73.1 sí 56.1. Ẹ ra ti oníke. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì máa ń jẹ òrùka alumíníọ̀mù, á lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù pátápátá. Rímù tí kò bá ní òrùka lè máa gbọ̀n lórí eré, ẹ ó sì máa rò pé wọn kò wọn ìwúwo táyà dọ́gba.

Kí wọ́n tó gbé táyà sórí rímù, ẹ gbé rímù òfìfo sí họ́ọ̀bù iwájú, ẹ fi ọwọ́ di nọ́ọ̀tì mú, kí ẹ yí i ká pátá. Àyè tó wà láàárín apá rímù àti kálípà gbọ́dọ̀ tó mìlímítà 3. Bí táyà bá ti gorí rímù, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà kì í gbà á padà mọ́.

Ẹ tún ra sẹ́ńsọ̀ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 4 fún rímù tuntun náà, kí wọ́n sì forúkọ wọn sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná yẹ́lò kò ní kú títí òtútù á fi lọ. Òtútù ni ìgbà tí ẹ nílò iná yẹn jù: bí ojú ọjọ́ bá fi nǹkan bíi 5.5°C lọ sílẹ̀, táyà á pàdánù bíi psi 1 (psi ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ inú táyà). Táyà tí wọ́n fọn dé 35 nínú gáréèjì tó móoru sí 15°C lè máa ka nǹkan bíi 30 níta ní -15°C. Ìta ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kí mọ́tò tó rìn, kí ẹ sì tẹ̀ lé nọ́ńbà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀.

Táyà náà ńkọ́? Lórí yìnyín tí ọkọ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbéra láìjà, ó sì ń dúró síbi tí mo bá ní kó dúró. Lórí omi dídì tó ń dán, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù: bó bá máa yọ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ̀, ọwọ́ á ti mọ̀ lára ìtọ́kọ̀ kí ìdí ọkọ̀ tó ṣẹ́. Lórí títì gbígbẹ, kí a sọ òótọ́, adùn GR86 dín kù. Ojú táyà tó kún fún ìlà wínníwínní á máa tẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ẹ ó yí ìtọ́kọ̀, ọkọ̀ á kọ́kọ́ ronú ná. Bí gbogbo táyà tó bá ń wá omi dídì ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ń gbé Maryland, níbi tí wọ́n ti tètè ń kó yìnyín kúrò, lè gba ti oníṣeré, bíi Michelin Pilot Alpin 5, kó lè ní ìtọ́kọ̀ tó yá. Ní London, CrossClimate 2, táyà Michelin tí wọ́n ń lò yíká ọdún, ti tó. Ẹ ṣáà wo àmì òkè olórí mẹ́ta tí ìràwọ̀ yìnyín wà nínú rẹ̀ lára táyà. Àmì M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín) nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n dán an wò nínú yìnyín.

Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa pààrọ̀. Àwọn tó ń ra 2 péré sí ẹ̀yìn nítorí pé ẹ̀yìn ló ń tì í ń gbàgbé pé iwájú ló ń yà, iwájú ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ bíréèkì. Ọkọ̀ á gbéra dáadáa, á sì lọ tààrà sínú igi ní kọ́nà. Bákan náà, ẹ yé di àpò iyanrìn sí búútù GR86 kí ẹ̀yìn lè wúwo. Ó ní Torsen lẹ́yìn, ìyẹn jíà tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn tó bá di títì mú jù, kò nílò rẹ̀, àpò tó bá sì fò síwájú nígbà ìjàǹbá kì í bá èèyàn ṣeré.

Ẹni tó ní jíà aládàáṣe, kó tẹ Snow, ètò ìwakọ̀ ti yìnyín. Ẹni tó ń fọwọ́ yí jíà, kó fi jíà kejì gbéra. Tí ọkọ̀ bá há sínú yìnyín, ẹ pa ohun tó ń ṣọ́ ìyọ̀ táyà fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ mi ọkọ̀ síwá-sẹ́yìn jáde, kí ẹ sì tàn án padà. Abẹ́ ọkọ̀ yìí kò ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 lọ. Yìnyín tó bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ á gbé e sókè, kò sì sí táyà tó lè gbà á.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà ojú họ́ọ̀bù, kí ẹ di nọ́ọ̀tì dé 120 N·m, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn bíi kìlómítà 80. X-Ice Snow ní ọfà lára tó ń júwe ibi tó máa yí sí, torí náà ti ọ̀tún kò gbọdọ̀ bọ́ sósì. Iwájú sí ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn, ti ẹ̀yìn ló sì ń tètè jẹ. Bí ojú rẹ̀ bá ti ku mìlímítà 4, agbára rẹ̀ nínú yìnyín ti tán, bí òfin bá tilẹ̀ ṣì gbà á. Ní Quebec, òfin ní kí táyà òtútù wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta. Ẹ má wá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ di oṣù Kẹfà: ooru á yára jẹ ẹ́ tán. Ẹ fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, ẹ kọ ẹsẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde sí i lára, kí ẹ sì kó wọn sínú ọ̀rá níbi tó ṣókùnkùn.