Àkáǹtì pọ́n-ùn tí mo fi ṣe ẹ̀rí owó fún físà ọmọ mi

Nígbà tí yunifásítì kan ní ìlú Leeds gba ọmọ mi obìnrin wọlé fún oyè másítà ní ọdún 2025, èmi ni mo gbé ẹrù ẹ̀rí owó, nítorí àkáǹtì mi ni owó náà yóò wà. Báǹkì kan tí ó ní ẹ̀ka ní àdúgbò Ring Road ní Ìbàdàn ni mo lò fún àkáǹtì owó òkèèrè, èyí tí gbogbo wa ń pè ní dọ́ọ̀mù, àti fún ìwé ẹ̀rí tí a fi ṣọwọ́ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. N kò ní dárúkọ báǹkì náà. Ohun tí mo fẹ́ kí òbí tí ó ń gbèrò irú rẹ̀ mọ̀ ni pé àkáǹtì wọn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ń kọ jáde láti inú rẹ̀ kò tíì dára tó, bẹ́ẹ̀ ìwé yẹn gan-an ni a tìtorí rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iye tí a ń wá. Òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn pé òun ní ìyókù owó ilé-ẹ̀kọ́ ti ọdún kìn-ín-ní, kí ó sì tún ní owó oúnjẹ àti ilé gbígbé, èyí tí wọn kì í ṣírò ju oṣù 9 lọ. Láti ọjọ́ 2 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, owó oṣù kan jẹ́ £1,483 fún ẹni tí yóò kàwé ní London, ó sì jẹ́ £1,136 fún ẹni tí yóò wà ní ibòmíràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún fi kún un, ó di £1,529 àti £1,171. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi jẹ́ £19,500, a ti san £6,000 sílẹ̀, ó sì ku £13,500. Nígbà tí a fi £10,224 ti oṣù 9 kún un, ó di £23,724, èyí tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 50 náírà nígbà náà. A ta ilẹ̀ tí èmi àti ọkọ mi rà sí Àkóbọ̀, mo kó owó tí mo ti ń fi pamọ́ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ mi láti ọdún 11 sẹ́yìn, àbúrò mi tí ó ń gbé ní Manchester sì fi ìyókù ránṣẹ́.

Àbúrò mi yìí ti kọ́kọ́ ní kí a lo àkáǹtì tòun, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á. Bí kì í bá ṣe pé ìjọba tàbí àjọ kan ń san owó náà fún akẹ́kọ̀ọ́, owó tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ti ọkọ tàbí aya rẹ̀, ti òbí rẹ̀, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀ ni wọ́n ń gbà. Ọ̀nà tí ẹbí Yorùbá ń gbà tọ́ ọmọ, tí ẹ̀gbọ́n ìyá àti àbúrò bàbá ń dáwó jọ láti rán ọmọ níwèé, kò sí nínú fọ́ọ̀mù wọn, ó sì dùn mí, nítorí pé bí wọ́n ṣe rán èmi náà níwèé nìyẹn. Àbúrò mi fi owó náà ta mí lọ́rẹ, ó sì ti wọ àkáǹtì mi kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ibi tí báǹkì náà ti ṣe dáadáa ni ṣíṣí àkáǹtì. Wọ́n gba nọ́ńbà BVN àti NIN mi, wọ́n gba ìwé owó iná mànàmáná ilé wa, wọ́n sì ní kí n mú oníduúró méjì wá tí àwọn náà ní àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì. Lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ti parí. Pọ́n-ùn ni mo ní kí owó náà jẹ́, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kọ náírà, ṣùgbọ́n iye tí OANDA, ìkànnì kan tí ń ṣírò pàṣípààrọ̀ owó, bá pè é ní ọjọ́ tí a fi ìbéèrè ránṣẹ́ ni wọn yóò fi ṣírò rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì wà ní Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ sọ́jà, mọ ohun tí ìyẹn lè dá sílẹ̀. Nǹkan bí náírà 470 ni dọ́là kan wà kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Owó náírà tí ó pé lónìí lè má pé mọ́ lóṣù tí ń bọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ 28 ni mo fẹ́ kí òbí fara balẹ̀ kà. Iye tí òfin bèèrè gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 léraléra, kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìbáà ṣe pọ́n-ùn kan ni ó fi dín. Láti ọjọ́ tí ọjọ́ 28 náà parí sí ọjọ́ tí a óò fi ìbéèrè ránṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ. Owó wa pé ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún. £24,100 ni mo jẹ́ kí ó wà níbẹ̀, nítorí ọkọ mi, tí ó ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé owó rí, kìlọ̀ fún mi pé báǹkì kì í ṣàì yọ nǹkan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, tí a ti ka ọjọ́ 19, wọ́n yọ owó ní ẹ̀ẹ̀mejì, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £28, láìsọ fún mi tẹ́lẹ̀: owó ìtọ́jú káàdì tí n kò bèèrè fún, àti owó iṣẹ́ lórí èyí tí àbúrò mi fi ránṣẹ́. Ká ní iye tí òfin sọ gẹ́lẹ́ ni mo fi síbẹ̀ ni, gbogbo ọjọ́ 19 náà ì bá ti wọmi, à bá sì tún máa kà á láti orí oókan. Inú bí mi gidigidi, nítorí pé ọjọ́ tí mo ṣí àkáǹtì náà ni mo ti sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe fún wọn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, mo lọ gba ìwé ẹ̀rí. Wọ́n fún mi ní ojú ewé kan tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí, tí ó sọ pé oníbàárà àwọn ni mí, pé àwọn mọ̀ mí sí ọmọlúàbí, àti pé £24,072 ni ó wà nínú àkáǹtì mi ní ọjọ́ náà. Wọn kò kọ nọ́ńbà àkáǹtì náà síbẹ̀. Wọn kò sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ 28. Wọ́n tún fo orúkọ mi kejì, tí ó fi jẹ́ pé orúkọ tí ó wà níbẹ̀ kò bá ti inú ìwé ìbí ọmọ mi mu, bẹ́ẹ̀ ìwé ìbí yẹn ni ẹ̀rí tí a ní pé èmi ni ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé, “Màmá, ẹ má bínú, bí a ṣe ń kọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn nìyí.” Mo ní, “Ọmọ mi, n kò bá ọ jà. Bá mi kọ ọ́ pé owó náà kò dín sí £23,724 láti ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún títí di òní, kí o kọ nọ́ńbà àkáǹtì àti orúkọ mi pé, kí o sì fi stéétímẹ́ǹtì tì í lẹ́yìn.” Ó ní òun kò lè yí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà padà láìjẹ́ pé àwọn ọ̀gá báǹkì ní Èkó fọwọ́ sí i. Ọdún Iléyá wọ̀ ọ́, ọjọ́ 6 àti ọjọ́ 9 jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ 11 ni ìwé tí ó pé tó dé ọwọ́ mi. Kò pa wá lára, nítorí ìwé ìgbàwọlé tí wọ́n ń pè ní CAS kò tíì dé, ṣùgbọ́n òbí tí ọjọ́ ti lé bá ì bá ti sunkún ní ẹnu ọ̀nà báǹkì náà.

Ní ẹnu ọ̀nà yẹn kan náà ni ọkùnrin kan ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ó ní kí n má ta ilẹ̀ kankan, pé òun yóò bá mi wá owó tí yóò sùn sínú àkáǹtì mi fún oṣù kan, kí n kàn san ìdá 5 nínú 100 fún òun. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí ti gba irú rẹ̀, n kò sì bú wọn, nítorí àìní le. Ṣùgbọ́n aṣọ àyálò kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Ẹni tí ó ni owó ni yóò di káàdì àkáǹtì náà mú, ó sì lè kó owó rẹ̀ lọ ní ọjọ́ 20. Bí ó bá sì hàn sí àwọn tí ń yẹ ìwé wò pé ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀, ọmọ ni wọn yóò dè lọ́nà fún ọdún 10, kì í ṣe ọkùnrin ẹnu ọ̀nà báǹkì. Kí ọmọ náà tilẹ̀ dé ọ̀hún, kí ni yóò fi jẹun?

A fi ìbéèrè ránṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù keje. Owó físà, £524, àti owó ìwòsàn, tí í ṣe £776 fún ọdún kan, wà lọ́tọ̀ nínú àkáǹtì náírà ọkọ mi, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan dọ́ọ̀mù náà títí èsì yóò fi dé. Físà jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti inú àkáǹtì yẹn náà ni mo ti san ìyókù owó ilé-ẹ̀kọ́, ó sì dé Leeds láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì, nítorí náà mo tún gbọ́dọ̀ yìn wọ́n fún èyí.

Ní oṣù kẹwàá, mo tẹ̀lé aládùúgbò mi kan lọ sí ẹ̀ka náà, nítorí ọmọkùnrin rẹ̀ ń lọ sí Glasgow. Àkáǹtì tirẹ̀ ṣí ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. Nígbà tí ó padà lọ gba ìwé ẹ̀rí, ìwé tí kò sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ 28 yẹn náà ni wọ́n tún fẹ́ tẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n a ti tẹ gbólóhùn tí a fẹ́ sórí bébà láti ilé, pẹ̀lú orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì àti ọjọ́ tí owó pé. Ọ̀dọ́mọbìnrin ọjọ́sí ni ó gbà á. Ó kà á, ó fi ránṣẹ́ sí Èkó ní ojú wa, ó sì bèèrè bóyá òun lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́ fún ẹni tí ó bá tún wá.