Nígbà tí “ọmọ” di “ọọm”: ìrírí mi pẹ̀lú listings, minted àti ilé ìtẹ̀wé kan ní Àgbowó

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Lójú-ewé 17 ìwé tí mo ṣe fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Python, èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, nígbà ọlidé, mo kọ àlàyé kékeré kan sínú kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ náà, pé: “# ka iye ọmọ tó wá”. Nígbà tí mo gba ẹ̀dà àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni “# ka iye ọọm tó wá”. Mo ṣí i síwájú, “ẹgbẹ́” ti di “ẹẹ́gb”. “Ọjọ́” ti di “Ọọ́j”. “iṣẹ́” ti di “ṣẹ́i”. Orí mi gbóná. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ gbogbo àmì yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún oṣù mẹ́rin, lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ilé ìtẹ̀wé náà wà ní Àgbowó, ní òdìkejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń to iṣẹ́ ìwádìí wọn. N kò ní dárúkọ wọn. Mo yàn wọ́n nítorí pé wọ́n mọ LaTeX lò, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń to ìwé. Púpọ̀ nínú àwọn tó kù, Word ni wọ́n mọ̀, ẹni tó bá sì ti gbìyànjú láti to kóòdù sínú Word mọ ohun tí ojú mi ti rí.

Ọmọkùnrin tó wà níwájú ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. “Mà, ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà ló ṣe bẹ́ẹ̀.” Mo ní kọ̀ǹpútà kì í dá nǹkan ṣe, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ ní kó ṣe. Ó lọ pe ọ̀gá wọn. Ọ̀gá wo ìwé náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní: “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kúkú yọ gbogbo àmì yẹn kúrò. Ta ló ń ka àmì? Gbogbo èèyàn ló máa mọ ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìwé tó bàjẹ́ lọ. Mo ṣí ojú-ewé 23 fún un. Àpẹẹrẹ ibẹ̀ ń ka ọkọ̀ tó wọ gáréèjì Ìwó Road, àpẹẹrẹ tó tẹ̀ lé e sì ń ka ọkọ́ tó kù nínú ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ. Mo ní: “Tẹ́ ẹ bá yọ àmì kúrò, kí ni ọmọ ọdún 12 máa kà níbẹ̀? Ọkọ méjì, ìyàwó mélòó?” Kò rí èsì fọ̀. Ó ní òun máa bá mi dín owó kù. Mo ní owó kọ́ ni mo wá gbà.

Ẹni tó gbà mí sílẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kejì. Ọmọbìnrin kan tó ń sin ìlú lọ́wọ́ ni. Kò sọ̀rọ̀ títí ọ̀gá fi wọlé padà, lẹ́yìn náà ló yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní: “Mà, kì í ṣe ẹ̀bi yín, kì í sì í ṣe ẹ̀bi kọ̀ǹpútà. listings ni wọ́n fi tò ó.” Ó wá ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàlàyé fún mi rí.

listings ni irinṣẹ́ tí LaTeX fi ń kun kóòdù ní àwọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Carsten Heinz ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1996. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó máa ń kó lẹ́tà jọ títí ọ̀rọ̀ kan fi parí, kó lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀rọ̀ àṣẹ bíi “for” tàbí “while” ni, kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Lẹ́tà tí kò bá mọ̀, bíi ọ, ẹ àti ṣ, kì í kó o pọ̀ mọ́ àwọn tó kù, ńṣe ló máa ń jẹ́ kó kọjá lọ lójú ẹsẹ̀. Nínú “ọmọ”, ọ àkọ́kọ́ kọjá, m dúró nínú àpò, ọ kejì tún kọjá, ìgbà náà ni m ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ó di ọọm. Ó wá yé mi ìdí tí “ọ̀la” kò fi bàjẹ́ níbì kankan: iwájú ni ọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọkùnrin yẹn fi yẹ ojú-ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́ wò tí kò sì rí nǹkan kan. Àwọn kan máa ń to lẹ́tà tí listings kò mọ̀ sílẹ̀ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, sínú ohun tí wọ́n ń pè ní literate. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọ, ẹ ka ọ́, ẹ ka ọ̀, kẹ́ ẹ wá ka ẹ pẹ̀lú tiẹ̀, lẹ́tà ńlá àti kékeré. Mo ní rárá.

Ó ní ká fi minted, irinṣẹ́ LaTeX mìíràn, ṣe é. minted kì í fúnra rẹ̀ ka kóòdù. Ó máa ń gbé e fún ètò mìíràn tó ń jẹ́ Pygments, tí wọ́n fi Python kọ, tó ti wà láti 2006. Pygments á pín kóòdù náà sí ọ̀rọ̀ àṣẹ, orúkọ, nọ́ńbà àti àlàyé, á dá a padà fún LaTeX pẹ̀lú àwọ̀ tó yẹ kálukú. Ó mọ èdè kọ̀ǹpútà tó lé ní 500. Èyí tó ṣe pàtàkì sí mi ni pé ó mọ̀ pé lẹ́tà ni ọ. Python fúnra rẹ̀ gbà kí èèyàn sọ nǹkan ní iye_ọkọ̀, Pygments náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ibí ni ìjà kejì ti bẹ̀rẹ̀. TeX Live, àkójọ tó kó LaTeX àti àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, tó wà lórí kọ̀ǹpútà wọn ti pẹ́. Lórí èyí tó pẹ́ bẹ́ẹ̀, minted kò lè pe Pygments àyàfi tí èèyàn bá fi -shell-escape sí àṣẹ tó fi ń to ìwé. Ọ̀gá jáde, ó ní òun kò gbà. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: ìlẹ̀kùn ni -shell-escape, ẹni tó bá ṣí i ti gba fáìlì láyè láti pe ètòkétò lórí kọ̀ǹpútà náà. Fláàṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń kì bọ ibẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Láti 2024, nígbà tí ẹ̀dà kẹta minted jáde, wọ́n ti wá ojútùú sí i: ètò kékeré kan tó ń jẹ́ latexminted ló ń ṣe àárín, TeX Live tuntun sì fọkàn tán an, èèyàn kò nílò láti ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn mọ́. Ṣùgbọ́n odindi TeX Live ju gígábáìtì mẹ́rin lọ, aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni ìrọ̀lẹ́, dátà wọn kò sì lè gbà á. Ọmọbìnrin yìí bẹ̀ ẹ́ pé fáìlì tèmi nìkan ni òun máa fi ṣe, òun á sì ka gbogbo rẹ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Ó kà á lóòótọ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀, lójú mi. Ọ̀gá gbà.

Iná lọ. Wọ́n ní epo tán nínú jẹnẹrétọ̀. Èmi ni mo fún ọmọkùnrin iwájú ní 3,000 náírà láti lọ ra epo, kò sì sí ẹni tó dá a padà fún mi títí di òní. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé ó yẹ kí ẹni tó ń lọ síbẹ̀ mọ̀.

Títò àkọ́kọ́ pẹ́ gan-an, nítorí pé kóòdù 112 ló wà nínú ìwé náà. Ẹ̀ẹ̀kejì kò pẹ́ mọ́: minted máa ń fi ohun tó ti kùn pamọ́ sínú fódà kan, èyí tí èèyàn bá yí padà nìkan ló máa ń tún kùn. Ojú-ewé 17 jáde. “# ka iye ọmọ tó wá”. Mo fọwọ́ kan gíláàsì kọ̀ǹpútà náà bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ àṣẹ dúró gedegbe ní àwọ̀ tirẹ̀, àlàyé dúró lọ́tọ̀, nọ́ńbà ìlà tò sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ìlà tó gùn jù ti ṣẹ́ sísàlẹ̀ láìjáde kúrò lójú ìwé. Ojú-ewé 23: ọkọ̀ jẹ́ ọkọ̀, ọkọ́ jẹ́ ọkọ́. Mo ti ń kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà fún ọdún mẹ́sàn-án, n kò tíì rí kóòdù pẹ̀lú àlàyé Yorùbá tó péye báyìí lórí ìwé rí.

Lójú-ewé 41 ni mo ti rí àpótí pupa kékeré kan tó yí àmì ₦ ká. Mo pariwo pé wọ́n tún ti ba nǹkan jẹ́. Ọmọbìnrin náà ní kí n ka ìlà náà. Mo kà á: owó = ₦500. Àmì náírà kò sí láàárín àmì àyọlò, ó dá wà. Python kò ní gba ìyẹn láé. Àṣìṣe tèmi ni, mo ti kà á kọjá ní ìgbà tí n kò lè kà, Pygments ló rí i. Ohun tí kò bá dá mọ̀ ló máa ń fi àpótí pupa yí ká. Ẹ má wá rò pé ó ń yẹ kóòdù wò o. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé àmì “:” lẹ́yìn “if”, á kàn kùn ún ní àwọ̀ tó rẹwà, kò ní sọ nǹkan kan.

Mo lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo padà wá gba ẹ̀dà 80, ayọ̀ náà sì dínkù níbẹ̀. Àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní friendly ni a lò, ó dára lójú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n dúdú àti funfun ni mo sanwó fún, àwọ̀ àlàyé nínú friendly sì jẹ́ búlúù tó fẹ́ẹ́rẹ́. Lórí ìwé ó di eérú. Wọ́n tẹ ẹ̀dà kan, wọ́n fi fọ́tòkọ́pì ṣe 79 tó kù, bẹ́ẹ̀ ni àlàyé Yorùbá tí mo jà fún parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lórí àwọn ẹ̀dà kan, èèyàn ní láti gbé e sún mọ́ fèrèsé kó tó rí i kà. Ọ̀gá ní bí fáìlì ṣe wà nìyẹn. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n òun ló ń tẹ̀wé láti ọdún pípẹ́, èmi kọ́. Ó yẹ kó tẹ ojú-ewé kan kó sì pè mí kó tó ṣe 80.

Ojútùú rẹ̀ jẹ́ ìlà kan péré: style=bw. Ọ̀rọ̀ àṣẹ á ki, àlàyé á dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun gbogbo á dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì, ẹ kọ́kọ́ fi ìyẹn sí i kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, a pín owó ìwé ní ìdajì. Mo kó wọn dé Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ sì fi ìka tọ ìlà lẹ́yìn ìlà, wọ́n ń ka àlàyé sókè láìdúró.

Ohun kan ṣì kù tí mo kórìíra. Tí ọmọ bá ṣí PDF náà lórí fóònù tó da kóòdù kọ láti inú rẹ̀, àyè tó wà níwájú ìlà sábà máa ń sọnù, bẹ́ẹ̀ Python kò ṣeé ṣe láìsí àyè yẹn. Mo ti wá ń fún wọn ní fáìlì kóòdù fúnra rẹ̀ (.py) lọ́tọ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, minted àti ilé ìtẹ̀wé náà. Apá kejì ìwé yìí máa jáde ní oṣù Kejìlá. Ibẹ̀ náà ni màá gbé e lọ, mo sì ti gba nọ́ńbà ọmọbìnrin yẹn sílẹ̀ kó tó parí ìsìnlú rẹ̀.