Oko ló di igbó yìí: ìrìn wa nínú igbó IITA

Ìdí ewé àti egbò ni mo ti ń jẹun láti ọdún 19 sẹ́yìn, lọ́jà Ọjẹ́ n'Ìbàdàn. Àwọn ará oko ló ń kó ọjà wá bá wa, èmi alára kì í débi tí wọ́n ti ń já a. Ìdí nìyẹn tí àwa ẹlẹ́wé-ọmọ mẹ́fà fi dáwó jọ, a háyà ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń mú èèyàn rìn nínú igbó, pé kó mú wa lọ sí igbó IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, lọ́nà Ọ̀yọ́, tí a bá kọjá Òjóò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Aago méje la jọ fi àdéhùn sí, aago mẹ́sàn-án kọjá kó tó yọjú. Oòrùn ti mú, ẹyẹ ti dákẹ́. Torí ẹyẹ sì ni méjì nínú wa ṣe wá. Ẹ̀gà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ ìlú wa pè, Malimbus ibadanensis, dúdú tó ní pupa lórí àti láyà, tí kò sí níbòmíràn láyé ju apá ilẹ̀ Yorùbá wa yìí lọ. A ò rí i. Ó dùn mí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọkùnrin náà la ẹnu, mo dárí jì í. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má rò pé ẹgàn, igbó tí ẹnikẹ́ni ò dáko sí rí, lẹ wọ̀ o." Oko àti abúlé ni ibẹ̀ kí wọ́n tó dá IITA sílẹ̀ ní 1967. Nínú ilẹ̀ tó tó 1,000 hẹ́kítà, wọ́n yọ nǹkan bí 350 sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dáko sí mọ́, igbó sì padà wá.

Ìdí ọ̀pẹ kan ni mo ti gbà á gbọ́. Igi ọdán ti fi gbòǹgbò wé e látòkè délẹ̀ bí ọ̀já, orí ọ̀pẹ náà ti gbẹ. Mo fi èékánná ha gbòǹgbò kan, oje funfun sun jáde. Oòrùn lọ̀pẹ ń fẹ́, kì í dàgbà lábẹ́ òjìji. Tí ẹ bá bá ọ̀pẹ láàárín igi ńlá, oko ẹnìkan lẹ dúró sí.

Èkan àti akíntọ́lá, èyí tí à ń fún sójú ọgbẹ́, ló ń kọ́kọ́ gba ilẹ̀ tí wọ́n bá pa tì. Afẹ̀rẹ̀ á wá sáré ga, àmọ́ igi rẹ̀ rọ̀, kì í pẹ́ kú. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn tó lè fara da òjìji ti ń yọrí díẹ̀díẹ̀. Atẹ́gùn ló ń gbé èso àfàrà wá: mo ṣa ọ̀kan nílẹ̀, ìyẹ́ méjì ló ní, ó fúyẹ́ bíi bébà. Àdán ló ń gbé ti ìrókò. Ìrókò kì í sì í gbádùn kí wọ́n gbìn ín pọ̀ lójú kan bíi tíìkì. Kòkòrò kan á mú kí ewé ọmọ rẹ̀ yọ kókó, á sì rọ.

Mo bi í pé kí ló dé tí ọ̀dàn, ilẹ̀ koríko, fi wà nítòsí wa, débi tí wọ́n fi pe ìlú yìí ní Ẹ̀bá-Ọ̀dàn, nígbà tí òjò tó ń rọ̀ sígbó náà ń rọ̀ sí i. Ó ní iná ni. Ní Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, láti 1929, wọ́n dáàbò bo ilẹ̀ kan kí iná má kàn án, wọ́n ń sun èkejì níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun ẹ̀kẹta níparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ táútáú. Èyí tí iná ò kàn di igbó. Èyí tí wọ́n ń sun níparí ẹ̀ẹ̀rùn ò kúrò ní ọ̀dàn. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan tó owó tí mo san.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ẹ sì bá ẹni tó máa mú yín lọ dá aago mẹ́fà. A ò gbọ́dọ̀ já ewé kankan; ọ̀kan nínú wa na ọwọ́ sí èèpo ayinrẹ́, èmi gan-an ni mo gbá a lọ́wọ́. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, mo sọ fún bàbá tó ń kó èèpo wá fún mi pé ẹ̀gbẹ́ kan igi ni kó máa bó, kó má bó o yíká mọ́, kí igi má bàa kú, màá fi owó lé e fún un. Ó ti gbé apẹ̀rẹ̀ méjì wá báyìí.