Àgbéyẹ̀wò Way Down East (1920): Ẹ má dúró de odò yìnyín nìkan

Bí wọ́n bá dárúkọ fíìmù aláìlóhùn yìí, odò yìnyín, níbi tí yìnyín tó ń léfòó ti ń gbé obìnrin inú ìtàn náà lọ, ló ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ìran náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló mú omi bọ́ lójú mi.

Eré orí ìtàgé tí Lottie Blair Parker kọ ni tẹ́lẹ̀, D. W. Griffith, olùdarí fíìmù náà, sì san 175,000 dọ́là kó tó rí i gbà láti fi ṣe fíìmù. Anna Moore, ọmọbìnrin tálákà kan, lọ tọrọ ìrànwọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹbí wọn tó lówó ní Boston. Ibẹ̀ ni Lennox Sanderson ti fi ìgbéyàwó èké tàn án jẹ. Nígbà tó lóyún tán ni ọkùnrin náà jẹ́wọ́, ó sì já a jù sílẹ̀.

Ìran tí mo ń sọ nìyí: ọmọ Anna ń kú lọ nínú yàrá tó háyà. Ó ti gbọ́ pé ọmọ tí wọn kò bá ṣèrìbọmi fún kò ní rí ojú Ọlọ́run, kò sì sí àlùfáà nítòsí. Ó bu omi, ó ṣe é fọ́mọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Dókítà wò ó, ó ní ọmọ ti lọ, ìyá rẹ̀ sì ṣì ń fi èémí ẹnu mú ọwọ́ ọmọ náà gbóná. Ẹ wo ojú Lillian Gish, òṣèré tó ṣe Anna, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára. Etí kò gbọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ kò sí abiyamọ tó máa wò ó tí kò ní gbá àyà mú.

Àwọn aláwàdà abúlé tó wà láàárín fíìmù náà sú mi. Orí ìtàgé ni wọ́n ti kó wọn wá, ibẹ̀ ni wọn ì bá fi wọ́n sí.

Àmọ́ nígbà tí Squire Bartlett, tí Anna ń ṣiṣẹ́ nílé rẹ̀, gbọ́ pé ó ti bímọ rí, tó ń lé e síta sínú ìjì yìnyín, Anna yíjú padà, ó na ìka sí Sanderson tó jókòó sídìí tábìlì bí àlejò pàtàkì. Inú mi dùn dé ìsàlẹ̀ ọkàn! Odò ló kàn. Kò sí i nínú eré orí ìtàgé, Griffith ló fi kún un. Orí yìnyín gidi ni Gish sùn sí ní Vermont, òun fúnra rẹ̀ ló dábàá pé kí ọwọ́ àti irun òun máa wọ́ nínú omi. Ọwọ́ náà sì ń yọ ọ́ lẹ́nu títí ọjọ́ ogbó.

Ó lé ní wákàtí méjì, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀dà tí Museum of Modern Art, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní New York, tún ṣe ni kí ẹ wá, torí nínú àwọn ẹ̀dà tó ti ṣá, ojú Gish kì í hàn dáadáa.