Mílíìnì Wo Lẹ Fẹ́ Gbé Wọlé? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Máa Gé Irin Nínú Ọgbà Rẹ̀ n'Íbàdàn

Nígbà tí mo sọ fún ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa l'Ókè-Àdó pé mo fẹ́ ra mílíìnì, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé èló ni màá máa lọ èlùbọ́ kóńgò kan. Mo ní, "Mà, kì í ṣe ẹ̀rọ ìlọta o, irin ló ń gé." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ìyẹn náà dáa, àmọ́ ti èlùbọ́ ló ń pawó. N ò lè bá wọn jiyàn.

Èyí tí mò ń wí ni ẹ̀rọ tí kọ́tà rẹ̀, ìyẹn ọ̀bẹ tó ń gé irin, ń yí lójú kan, tí irin tí a fẹ́ gé sì wà lórí tábìlì tí a ń fọwọ́ yí lọ síwá-sẹ́yìn, sọ́tùn-ún-sósì. Ẹni tó bá ní léètì nílé, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí irin fúnra rẹ̀ kí ọ̀bẹ lè gé e, á ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀: iṣẹ́ tó bá ti kúrò ní róbótó, apá léètì kì í fi bẹ́ẹ̀ ká a mọ́.

Èyí tó kéré jù lọ́jà ni irú tí wọ́n ń pè ní X2, tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà. Kílò 50 sí 60 ni, ọkùnrin méjì á gbé e gun àtẹ̀gùn. Àwọn tó tẹ̀ lé e, tí màá máa pè ní àárín, ń lọ sí bíi kílò 300, oríṣi méjì sì ni wọ́n: àwọn kan ní òpó róbótó bí òpó iná, àwọn kan ní òpó onígun tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà sí lójú kí orí ẹ̀rọ máa bá a gòkè-sọ̀kalẹ̀. Àgbà gbogbo wọn ni olórúnkún, èyí tí tábìlì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gùn tó sì ń sọ̀. Ní 1938 ni wọ́n gbé àkọ́kọ́ irú èyí tí ayé mọ̀ jù jáde ní ìlú Bridgeport l'Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣe é ní Leicester ní Ìlú Ọba náà, àwọn ará Taiwan àti Ṣáínà sì ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan. Tọ̀kunbọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù nílẹ̀ wa.

Ẹ wo ọ̀nà ilé yín kí ẹ tó dúnàádúrà

Láti Apapa tàbí Ọ̀wọdẹ Onírin dé Ìbàdàn kò le: ẹ̀rọ á gorí ọkọ̀, ó parí. Láti ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró dé ibi tí ẹ̀rọ máa jókòó sí gan-an ni wàhálà wà. Bí ilé yín bá wà ní Bódìjà tàbí Akóbọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù á dé ẹnu géètì. Bó bá jẹ́ agbolé ní Bẹẹrẹ tàbí lẹ́yìn Ọjà'ba, níbi tó jẹ́ pé ọ̀kadà gan-an ń wá àyè kó tó kọjá, ẹ gbàgbé olórúnkún, àfi tí ẹ bá máa tú u palẹ̀ pátápátá. Ìlú olókè sì nìlú wa. Ọgbà tèmi dà gẹ̀rẹ́, odindi ọ̀sán kan la fi fi páìpù àti ọ̀pá irin yí ẹ̀rọ náà láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé, a sì so okùn mọ́ ọn lẹ́yìn kó má baà sáré lọ bá ògiri.

Ilẹ̀ náà ńkọ́? Lórí Jámánì flọ́ọ̀ tí wọ́n tẹ erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ dáadáa, tọ́ọ̀nù kan á jókòó jẹ́ẹ́. Lórí dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èmi ò ní gbé e síbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí bíríkìlà kankan tàn yín pé kò sí nǹkan kan. Kékeré yẹn ò ní irú ìṣòro yìí. Tábìlì tí wẹ́dà fi áńgù irin ṣe tó o.

Òpó róbótó: ohun tó fojú jọ èrè

Èyí ni mo kọ́kọ́ rà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rojọ́ díẹ̀. Ó wúwo, ó lágbára, owó rẹ̀ kéré sí ti onígun. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ fi dírílì lu ihò tán, ẹ wá fẹ́ fi kọ́tà kúkúrú gbòòrò ẹnu ihò náà. Kọ́tà kò ní kan irin, ẹ gbọ́dọ̀ sọ orí ẹ̀rọ kalẹ̀. Ní kété tí ẹ bá ti tú bóòtù tó dì í mú, orí á yí díẹ̀ yí òpó ká, nítorí kò sí ohun tó dá a dúró lójú kan. Ihò tí ẹ ti wá ojú rẹ̀ fún wákàtí kan ti sọnù nìyẹn. Mo gbìyànjú oríṣiríṣi ọgbọ́n, títí kan okùn tí mo ta láti ara rẹ̀ dé ara ògiri. Lẹ́yìn ọdún méjì mo tà á fún ẹni tó fẹ́ máa fi lu ihò nìkan, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i títí dòní.

Òpó onígun kò ní àrùn yìí. Orí rẹ̀ á gòkè, á sọ̀kalẹ̀, ihò yín á ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí. Bí iyàtọ̀ owó bá wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹ san án.

Iná

Féèsì kan ló wọ ọ̀pọ̀ ilé wa, fóòtì 230. Kékeré àti àárín á fi ìyẹn ṣiṣẹ́. Àmọ́ bọ́ọ̀dù kan wà nínú kékeré tó ń darí eré rẹ̀, iná tó ń lọ sókè-sódò lè tètè jó o, nítorí náà sìtẹbiláísà kì í ṣe fàájì. Ti àárín, mọ́tọ̀ rẹ̀ máa ń fa iná lọ́nà púpọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tó bá ń gbéra. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a fi ń tan tẹlifíṣọ̀n ò lè gbé e dìde.

Olórúnkún sábà máa ń wá pẹ̀lú mọ́tọ̀ féèsì mẹ́ta. Bí ẹ ò bá ní féèsì mẹ́ta nílé, VFD, àpótí kan tó ń yí iná padà fún mọ́tọ̀, ni ọ̀nà àbáyọ: á gba féèsì kan, á sì tu mẹ́ta síta ní fóòtì 220 sí 240. Ẹ wo àkọlé ara mọ́tọ̀ kí ẹ tó sanwó. Bó bá kọ 220/380 tàbí 230/400, oníná yín á to wáyà rẹ̀ sí délítà, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Bó bá kọ 415 nìkan, tó sì jẹ́ wáyà mẹ́ta péré ló jáde, ẹ máa tú mọ́tọ̀ náà wá orí wáyà tó wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Láti ara VFD sì ni kí ẹ ti máa tan ẹ̀rọ, kí ẹ ti máa pa á. Ẹni tó bá ń fi súìṣì àtijọ́ ara ẹ̀rọ já iná láàárín VFD àti mọ́tọ̀ máa pàdé èéfín.

Títò ó padà

Ti kékeré kò gba ọjọ́ kan. Ẹ fi kẹrosíìnì nu gíríìsì tí wọ́n fi bo gbogbo ara rẹ̀ kúrò, ẹ ta ọ́ìlì sí i, ẹ dè é mọ́ tábìlì. Àárín nílò séènì búlọ́ọ̀kù àti ohun tó lágbára tí ẹ máa so ó kọ́. Ẹ má fi okùn há tábìlì rẹ̀ gbé e láéláé.

Olórúnkún ni baba iṣẹ́. Bí a ṣe tú tèmi ni pé tábìlì kọ́kọ́ kúrò, lẹ́yìn náà mọ́tọ̀, lẹ́yìn náà orí, lẹ́yìn náà apá gígùn tó gbé orí dání. Ohun kan tí ọ̀gá tó bá mi ṣe é kọ́ mi: kí ẹ tó tú bóòtù mẹ́rin tó di orí mú, ẹ yí orí náà dojú dé, kí ìwọ̀n rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kó má baà yí lójijì lù yín. Bóòtù wọn lè jẹ́ ti ínǹṣì, wọn ò sì wọ́pọ̀ lọ́jà wa, nítorí náà ẹ kó ti ibì kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára. Bíárìn àti bẹ́líìtì kò le, Àràrọ̀mí ní Àgọ́dì-Gate á bá yín wá a tí ẹ bá mú nọ́ńbà lọ.

Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tú u, èmi ò yà á. Irin pẹlẹbẹ kan wà tó ń há àárín tábìlì àti ọ̀nà rẹ̀, gíìbù ni wọ́n ń pè é, orí rẹ̀ kan nípọn ju ìkejì lọ. Mo ti tèmi bọ̀ ọ́ lódìlódì. Tábìlì kọ̀, kò lọ, kò bọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń bú ẹ̀rọ aláìlẹ́ṣẹ̀.

Ọ́ìlì ni kí ẹ ta sí ojú ọ̀nà tábìlì. Gíríìsì máa ń dí àwọn ihò tín-ín-rín tí ọ́ìlì ń gbà, ẹ máa tún gbogbo ẹ̀ tú ni. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ojú orí ẹ̀rọ: ẹ de dáyà géèjì, ìyẹn aago tó ń wọn ìyàtọ̀ tín-ín-rín, mọ́ ibi tí kọ́tà ń wọ̀, kó nà jáde tó mílímítà 150, kí ẹ fọwọ́ yí i ká, kí ẹ ka nọ́ńbà lápá ọ̀tún, apá òsì, iwájú, ẹ̀yìn. Bí ìyàtọ̀ wọn kò bá ju 0.02 mílímítà lọ, ó ti dáa. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, gbogbo ojú pẹlẹbẹ tó bá gé ló máa ní ìlà bí ẹni fi ìyarun yà á.

Èwo ni màá rà?

Fún ẹni tó ń ṣe alumíníọ̀mù àti nǹkan kéékèèké nínú yàrá kan, kékeré. Fún ọ̀pọ̀ yín tó kù, àárín olópó onígun. Bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀, òun ni màá kọ́kọ́ rà. Olórúnkún wà fún ẹni tó nílẹ̀, tó léèyàn, tí iṣẹ́ sì ti ń dúró dè.

Bí ẹ bá ń lọ wo tọ̀kunbọ̀, ẹ mú dáyà géèjì dání àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹ yí tábìlì dé òpin méjèèjì. Bó bá tú ní àárín tó sì há létí, ó ti jẹ níbẹ̀. Bí ẹ bá fún gíìbù pọ̀ fún àárín, kò ní lè dé òpin mọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tí kọ́lẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń di kọ́tà mú, ń wọ̀, ẹ fi ìka tọ́ ọ wò bóyá ojú rẹ̀ ti ha. Ẹ ní kí wọ́n tan án, kí ẹ gbọ́ ohùn bíárìn rẹ̀. Bí olùtajà bá ní kò síná, ẹ ní kó pè yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un wá.